Bí A Ṣe Ń Tan Ańpílífáyà Àtijọ́ Láìjẹ́ Kó Jóná, àti Bí Giramafóònù Ṣe Ń Padà sí Eré Rẹ̀

Púpọ̀ nínú àwọn ańpílífáyà (ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè kó tó dé sípíkà) àtijọ́ tó ń bàjẹ́ mọ́ àwọn tó fẹ́ràn wọn lọ́wọ́ ní Abuja, kì í ṣe ogbó ló pa wọ́n. Iná àkọ́kọ́ tí wọ́n jẹ lẹ́yìn tí wọ́n ti dùbúlẹ̀ fún ọdún gbọọrọ ló pa wọ́n. Ẹnìkan á ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ baban bola, ẹni tó ń ra irin àti ẹrù àlòkù kiri, ní Karmo, tàbí kó gbé ti bàbá rẹ̀ bọ̀ láti Ìlọrin nígbà tó lọ ṣọdún nílé, kò ní tíì jókòó dáadáa tí yóò ti ki púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Orin á dún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, inú onílé á dùn, lẹ́yìn náà ni òórùn èéfín á gba yàrá kan. Ti giramafóònù tún yàtọ̀: àwo ń yí, abẹ́rẹ́ ń gbé ohùn jáde, ṣùgbọ́n ohùn akọrin ń wọ́ nílẹ̀. Wọ́n á pààrọ̀ bẹ́líìtì, kò ní yí padà. Wọ́n á pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kò ní yí padà. Wọ́n á wá gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, ó di ìbi tí wọ́n ń to ìwé lé.

Ìṣòro méjèèjì ní ojútùú, ẹni tí kì í ṣe oníṣẹ́ rédíò náà sì lè ṣe é nílé. Ẹ̀rọ onítírásísítọ̀ (tírásísítọ̀ ni ohun kékeré tó ń gbé ohùn sókè nínú rẹ̀), irú èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1965 sí 1985 tàbí nítòsí rẹ̀, ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Bí tiyín bá jẹ́ onífáàfù, èyí tó ní àwọn ìgò gíláàsì tó máa ń pọ́n nínú, ẹ má ṣe lo ìtọ́sọ́nà yìí fún un. Iná inú rẹ̀ lè ju 300 fólítì lọ, ara irin àwọn rédíò onífáàfù mìíràn sì wà lórí iná ojúlé gan-an. Ẹni tó ti mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ gbé e lọ bá.

Ohun tí ẹ nílò

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ jọ kí ẹ tó tú ìdè (súkúrù) kan ṣoṣo, torí pé àárín iṣẹ́ ni àwọn ènìyàn ti máa ń fi ohun tí kò yẹ dí ohun tí wọn kò ní.

- Mítà tó lè wọn fólítì AC (ti iná ojúlé) àti DC (irú ti bátìrì), tó sì lè wọn óòmù (bí nǹkan ṣe ń dí iná lọ́wọ́ tó). Bó bá lè wọn kapásítọ̀ (ohun inú ẹ̀rọ tó ń pa iná mọ́) pẹ̀lú, ó dára jù.
- Gílóòbù àtijọ́ méjì, ọ̀kan 60 wáàtì, èkejì 100 wáàtì. Irú èyí tó máa ń gbóná tí ọwọ́ kì í lè gbà á mú ni mo ń sọ. Gílóòbù LED tàbí èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀ kò lè ṣe iṣẹ́ yìí rárá.
- Hódà gílóòbù, wáyà, púlọ́ọ̀gì àti sọ́kẹ́ẹ̀tì kan.
- Résísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dí iná lọ́wọ́) 1,000 óòmù tó lè gba 5 wáàtì, pẹ̀lú wáyà tí a fi rọ́bà bò.
- Búrọ́ọ̀ṣì onírun rírọ̀, àti búlọ́wà kékeré.
- Contact cleaner (oògùn tó ń fọ ojú ibi tí iná ń gbà), àti isopropyl alcohol tí àwọn tó ń tún fóònù ṣe fi ń fọ páńẹ́ẹ̀lì.
- Irin tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì, 40 wáàtì tó, àti lẹ́ẹ̀dì tó dára.
- Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ, àti òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn oníwúrà ń lò.

Ní Wuse, ní agbègbè Banex àti Emab, ẹ máa rí mítà, irin lẹ́ẹ̀dì àti isopropyl alcohol lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irinṣẹ́ fún àwọn alátùn-únṣe fóònù. Ẹ má ṣe fi WD-40 rọ́pò contact cleaner, ẹ má sì fi pẹtiróòlù tàbí kẹrosíìnì rọ́pò rẹ̀. WD-40 máa ń fi òróró sílẹ̀ tí eruku ọyẹ́ á lẹ̀ mọ́. Pẹtiróòlù máa ń jẹ ike, ó sì lè gbiná.

Ìpele 1: Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ

Iná wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230 sí 240 fólítì, 50 Hz (Hz ni iye ìgbà tí iná ń lọ tó sì ń bọ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kan). Ti Japan jẹ́ 100 fólítì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Àwọn ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ wa ti ibi gbogbo wá, nítorí náà, bí ẹ̀rọ ṣe rí lójú kò lè sọ iná tó ń jẹ fún yín. Ẹ yí i padà, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Bí ẹ bá rí ohun kékeré kan tó ṣeé yí, tí wọ́n kọ 110, 120, 220 àti 240 sí lára, ẹ ní oríire. Ẹ yí i sí 240 nígbà tí púlọ́ọ̀gì kò sí nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ wo fíúsì pẹ̀lú, nítorí pé ẹ̀rọ tó wà lórí 240 sábà máa ń fẹ́ fíúsì tí ámúpù rẹ̀ jẹ́ ìdajì ti 120. Wọ́n máa ń kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí fíúsì ń wọ̀.

Bó bá jẹ́ 100 fólítì nìkan ni wọ́n kọ, ibí ni kí ẹ ti fara balẹ̀. Ọ̀pọ̀ sítẹ́ẹ̀pù-dáùn (àpótí tó ń mú fólítì wálẹ̀) tó wà lọ́jà kàn ń pín iná sí méjì ni. Lọ́jọ́ tí iná bá gùn dé 250 fólítì lóru, 125 ni yóò jáde, ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 100 yóò sì máa jẹ ìdámẹ́rin lé sí ohun tó yẹ kó jẹ. Sítẹ́ẹ̀pù-dáùn tí wọ́n kọ 100 fólítì sí ojú ìjáde rẹ̀ ni kí ẹ wá, kí wáàtì rẹ̀ sì tó ìlọ́po méjì èyí tí wọ́n kọ sẹ́yìn ẹ̀rọ, kí ẹ wá fi sítábíláísà síwájú rẹ̀.

*Àyẹ̀wò:* ẹ fi mítà wọn iná sọ́kẹ́ẹ̀tì yín ní ìrọ̀lẹ́ tí gbogbo àdúgbò ń lo iná, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní òru. Bó bá ń lọ sí ìsàlẹ̀ 200 tàbí kó kọjá 250, ẹ má tíì so ẹ̀rọ àtijọ́ mọ́ ọn láìsí sítábíláísà. Ẹ kọ fólítì tí ẹ̀rọ ń jẹ sórí ìwé, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ gírígírí, nítorí ẹlòmíràn nínú ilé lè gbé e kúrò ní àyè rẹ̀ kó sì fi í sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lásán.

Ìpele 2: Ẹ ṣí i, ẹ tú iná tó kù sínú rẹ̀, ẹ nù ún

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tú ìdè ìdérí, ẹ sì ya fọ́tò inú rẹ̀ láti ọ̀nà mẹ́rin kí ọwọ́ yín tó kan ohunkóhun. Kapásítọ̀ ńlá méjì tó dúró nítòsí tírásífọ́mà (irin wúwo oníwáyà tí iná ojúlé ń kọ́kọ́ wọ̀) lè ní iná nínú síbẹ̀, kódà bí a ti yọ púlọ́ọ̀gì. Ẹ fi mítà wọ̀n wọ́n ní DC. Bó bá ju 5 fólítì lọ, ẹ fi résísítọ̀ 1,000 óòmù kan ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n. Ìkìlọ̀ mi níbí ni pé kí ẹ má ṣe fi sukudiráfà so ẹsẹ̀ méjèèjì pọ̀ bí àwọn kan ti ń ṣe. Ó máa ń ta pàrà, ó máa ń ba kapásítọ̀ jẹ́, irin tó yọ́ sì lè fò sí ojú.

Eruku Òkè Ọya kò fara jọ ti ìlú wa nílé. Eruku ọyẹ́ kúnná gan-an, láti etí aṣálẹ̀ Sàhárà ló ti ń fẹ́ wá láàárín Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹta, ó sì ń gba ihò tí èékánná kò lè wọ̀. Ẹ̀rọ tó ti gbé ọdún mẹ́wàá ní Kaduna tàbí Kano, ẹ máa bá a tí páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo, tí ẹ kò ní lè ka nọ́ńbà kankan lára tírásísítọ̀. Abẹ́ rẹ̀ ni ewu wà. Nígbà tí òjò bá dé, eruku yẹn máa ń mu omi inú afẹ́fẹ́, iná á sì máa gba inú rẹ̀ rìn láti ẹsẹ̀ kan dé èkejì. Ẹ wo ìdí tírásífọ́mà dáadáa fún ẹyin aáyán àti fún ọmọńlé tó gbẹ. Mo ti rí ọmọńlé tó kú sórí ojú méjì tí iná ojúlé ń gbà wọlé, tí egungun rẹ̀ ṣì dùbúlẹ̀ láàárín wọn láìyà, tí dúdú iná sì wà ní orí àti ní ìrù rẹ̀.

Ìta ni kí ẹ ti ṣe é, ní òwúrọ̀, kí ẹ fi aṣọ bo imú. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku kúrò lókè wá sí ìsàlẹ̀ ná, kí ẹ tó wá fi búlọ́wà fẹ́ ìyókù láti ọ̀nà jíjìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lo búlọ́wà kàn ń ti eruku wọ inú àwọn bọ́tìnì ni. Ibi tí ẹ̀gbin ti lẹ̀ mọ́ páńẹ́ẹ̀lì, ẹ fi òwú àti isopropyl alcohol nù ún. Ẹ má fi omi ọṣẹ kàn án.

*Àyẹ̀wò:* ẹ gbọ́dọ̀ lè ka nọ́ńbà ara gbogbo kapásítọ̀ àti tírásísítọ̀ tó wà lókè láìfi ọwọ́ nu wọ́n.

Ìpele 3: Ẹ fi ojú wá ohun tó ti bàjẹ́

Fíúsì ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bó bá jẹ́ bébà fàdákà inú páálí sìgá ni ẹnìkan fi wé e, tàbí tó fi wáyà nípọn so ó pọ̀, ẹ̀rọ náà ti ní ìtàn kan tí ẹ gbọ́dọ̀ wádìí. Ohun kan ló ń jó fíúsì yẹn léraléra kí ẹni náà tó ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ fi fíúsì gidi tí ámúpù rẹ̀ bá ohun tí wọ́n kọ mu sí i, bó bá sì jẹ́ pé lẹ́tà T ló ṣáájú nọ́ńbà náà, èyí tí kì í tètè jó ni ẹ nílò.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn kapásítọ̀. Èyí tí orí rẹ̀ wú, tí omi gbígbẹ wà nídìí rẹ̀, tàbí tí rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti yọ síta, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀lé mọ́. Nínú àwọn ẹ̀rọ tó ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, ẹ wo ibi tí iná ojúlé ti ń wọlé: bí kapásítọ̀ kékeré kan tí ara rẹ̀ yẹ́lò tó sì mọ́ gaara bá wà níbẹ̀, tí àwọn ìlà sísán sì ti hàn lára rẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí. Yóò rú èéfín dandan. Èyí tí wọ́n kọ X2 sí lára, tí uF rẹ̀ (ìwọ̀n iná tó lè pa mọ́) bá a mu, ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀.

Nípa pípààrọ̀ kapásítọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ èrò mi gbangba. Àwọn kan máa ń pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan, kí wọ́n tó mọ̀ bóyá ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ẹ bá pààrọ̀ ogójì lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ̀rọ kò sì dún, ẹ kò ní mọ̀ bóyá àṣìṣe ọwọ́ yín ni tàbí àìsàn rẹ̀ àtijọ́. Àwọn tó hàn pé wọ́n ti bàjẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi tuntun sí i kí ẹ tó yọ òmíràn. uF rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu, fólítì rẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ti àtijọ́ tàbí kó jù ú lọ, kì í dín, kí ẹ sì yan èyí tí wọ́n kọ 105°C sí. Ìlà ara rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ tó jẹ́ nẹ́gátíìfù hàn. Bí ẹ bá fi í sódì, yóò bú gbàmù nígbà tí ẹ bá tanná, nítorí náà, ẹ wo fọ́tò tí ẹ yà kí ẹ tó jó lẹ́ẹ̀dì.

Ayédèrú kapásítọ̀ pọ̀ lọ́jà. Wọ́n máa ń ki èyí kékeré sínú ike ńlá, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ńlá sí i lára. Ẹ gbé e lọ́wọ́ kí ẹ tó sanwó: èyí tó tóbi tó sì fúyẹ́ jù ni kí ẹ fura sí, kí ẹ sì fi mítà wọ̀n ọ́n ní ìsọ̀ náà.

*Àyẹ̀wò:* lẹ́yìn tí ẹ bá jó lẹ́ẹ̀dì tán, ojú lẹ́ẹ̀dì gbọ́dọ̀ máa dán, kí ẹsẹ̀ kapásítọ̀ má sì mì bí ẹ bá fi ọwọ́ kàn án. Tuntun gbọ́dọ̀ wà láàárín ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún sí nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i.

Ìpele 4: Iná àkọ́kọ́, láti inú gílóòbù

Ìpele yìí ló ń gba ẹ̀rọ là. Gílóòbù ni a fẹ́ kí iná gbà kọjá kó tó dé ara ańpílífáyà, kó jẹ́ pé bí nǹkan kan bá ti so pọ̀ nínú ẹ̀rọ (tí ojú iná méjì tí kò yẹ kó pàdé ti kan ara wọn), gílóòbù ni yóò tàn, tírásísítọ̀ kò ní jó.

Ẹ mú wáyà tó ní púlọ́ọ̀gì ní orí kan àti sọ́kẹ́ẹ̀tì ní orí kejì. Ẹ gé wáyà láìfù nìkan ní àárín, kí ẹ so ojú kan mọ́ ẹsẹ̀ kan hódà gílóòbù, kí ẹ so ojú kejì mọ́ ẹsẹ̀ kejì. Wáyà niútírà àti ti ilẹ̀ ń lọ tààrà. Ẹ fi téèpù wáyà bo gbogbo ojú, kí ẹ sì kan hódà náà mọ́ pákó. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fi gílóòbù 60 wáàtì sínú hódà, kí ẹ wá so fìtílà tó ní gílóòbù 60 wáàtì mìíràn mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bí méjèèjì bá ń tàn ṣùgbọ́n tí wọn kò tàn tó bó ṣe yẹ, ẹ ti so ó bó ṣe tọ́.

Nísinsìnyí, ẹ yọ gbogbo sípíkà kúrò lára ańpílífáyà, ẹ yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, ẹ so ó mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì gílóòbù, kí ẹ wá tan án. Bí ẹ bá ń lo sítẹ́ẹ̀pù-dáùn, iwájú rẹ̀ ni gílóòbù gbọ́dọ̀ wà. Ojú gílóòbù ni kí ẹ máa wò. Ẹ̀rọ tó dára máa ń jẹ́ kó tàn yòò fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, nígbà tí àwọn kapásítọ̀ ńlá ń kún, lẹ́yìn náà ni yóò máa wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí irin tín-ín-rín inú rẹ̀ yóò fi pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí kó má tilẹ̀ hàn mọ́. Bó bá tàn yòò tí kò wálẹ̀, ẹ pa á lójú ẹsẹ̀. Ohun kan ti so pọ̀ níbẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ tírásísítọ̀ ńlá tó wà lára irin amúnátutù, tàbí dáódù (ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ọ̀nà kan ṣoṣo) tó wà lẹ́yìn tírásífọ́mà. Àwọn mìíràn ń rí èyí, wọ́n á ní gílóòbù ni kò lágbára tó, wọ́n á yọ ọ́ kúrò. Ohun tí gílóòbù ń dáàbò bò ni wọ́n jó yẹn.

Bó bá wálẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí ẹ má kúrò níbẹ̀. Ẹ máa gbóòórùn. Bí ẹ̀rọ kò bá dún kọ̀ọ́ bó ti máa ń dún nígbà tó bá so sípíkà pọ̀, ẹ má bẹ̀rù, iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò tíì pé ni. Ẹ pa á, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì, ẹ tú iná inú kapásítọ̀ bí ti Ìpele 2, kí ẹ wá fi ọwọ́ kan àwọn kapásítọ̀ ńlá: èyí tó gbóná gbọ́dọ̀ kúrò. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gílóòbù 100 wáàtì rọ́pò 60, ẹ ṣe é bákan náà.

*Àyẹ̀wò:* gílóòbù 100 wáàtì wálẹ̀, kò sí òórùn, kò sí kapásítọ̀ tó gbóná. Ìgbà yìí nìkan ni ẹ lè so ẹ̀rọ mọ́ sítábíláísà tààrà.

Ìpele 5: Ẹ wọn ojú sípíkà kí ẹ tó so sípíkà

Ańpílífáyà tó dákẹ́ lè máa ti iná DC jáde ní ojú sípíkà, iná yẹn sì ń jó wáyà inú sípíkà láìpariwo. Ẹ yí mítà sí DC, ní mílífólítì, kí ẹ fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ojú pupa àti dúdú ti ọ̀tún, lẹ́yìn náà ti òsì, nígbà tí ẹ̀rọ bá ti tàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó bá wà nísàlẹ̀ 50 mílífólítì dára. Láti 50 sí 100, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ máa wọ̀n ọ́n lóṣooṣù. Bó bá ju 100 lọ, ẹ má so sípíkà rárá. Bó bá sì jẹ́ fólítì gidi, bíi 20 tàbí 30, tírásísítọ̀ ìparí ti lọ, ẹ gbé e fún oníṣẹ́ tó ní ìwé àtúnṣe ẹ̀rọ náà lọ́wọ́.

Bí ohùn bá ń ta pàrapàra nígbà tí ẹ bá ń yí bọ́tìnì, ẹ yọ iná, ẹ fi contact cleaner díẹ̀ sínú ihò kékeré ara bọ́tìnì náà láti inú ẹ̀rọ, ẹ yí i lọ yí i bọ̀ ní ìgbà ọgbọ̀n, kí ẹ dúró fún wákàtí kan kó gbẹ. Bákan náà ni fún gbogbo ohun tí à ń tẹ̀ àti èyí tí à ń yí. Kò tún sí nǹkan mìíràn níbẹ̀.

Ìpele 6: Sípíkà

Ẹ yọ aṣọ iwájú, ẹ fi ìka kan etí rírọ̀ tó yí páálí sípíkà ká. Bó bá jẹ́ fóòmù tó sì ń rún mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti kú, ooru àti ọjọ́ orí ló pa á. Ẹ lè ra etí tuntun, kí ẹ fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ní Abuja, àwọn tó ń tún sípíkà ìsìn ṣe mọ iṣẹ́ yìí, ṣùgbọ́n ẹ kìlọ̀ fún wọn kí wọ́n má fi rọ́bà líle tí wọ́n ń lò fún sípíkà òde sí i, nítorí báàsì yóò kú.

Mítà lórí óòmù yóò fi nǹkan bíi 6 hàn fún sípíkà tí wọ́n kọ 8 sí. Bí kò bá fi ohunkóhun hàn, wáyà inú ti já. Bátìrì 1.5 fólítì tí ẹ bá fi kàn án fún ìṣẹ́jú àáyá kan, tí pọ́sítíìfù kan ojú pupa, gbọ́dọ̀ ti páálí síta. Bí ọ̀kan bá ń lọ síta tí èkejì ń wọlé, ẹ yí wáyà ọ̀kan padà, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ báàsì àwọn méjèèjì yóò máa pa ara wọn.

Ìpele 7: Eré giramafóònù

Ibí ni owó púpọ̀ ti ń ṣòfò, nítorí pé bẹ́líìtì ni gbogbo ènìyàn ń dá lẹ́bi. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ohun tó rọrùn. Ẹ gbé àwo irin ńlá kúrò. Bẹ́líìtì tó ti pẹ́ lè ti yọ́ di ohun tó ń lẹ̀ bí ọ̀dà, ẹ fi isopropyl alcohol nù ún kúrò lára púlì (irin kékeré orí mọ́tò tí bẹ́líìtì ń yí ká) àti lára etí àwo irin títí òwú yóò fi mọ́. Fọ́nrán òwú ni kí ẹ fi yí ọ̀nà tí bẹ́líìtì ń gbà, kí ẹ fi téèpù wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì ra èyí tó fi díẹ̀ kúrú ju ìwọ̀n yẹn lọ. Rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó kì í ṣe bẹ́líìtì, rọ́bà táyà kẹ̀kẹ́ tí a gé náà kì í ṣe é. Wọ́n nípọn ní ibì kan, wọ́n fẹ́lẹ́ ní ibòmíràn, ohùn á sì máa yí bíríbírí. Ẹ fọ ihò tí ọ̀pá àárín ń wọ̀ mọ́, kí ẹ kán òróró ẹ̀rọ ìránṣọ méjì tàbí mẹ́ta sínú rẹ̀. Òróró ìdáná máa ń dì, gíríìsì mọ́tò sì wúwo jù.

Wàyí o, ẹ wọn eré rẹ̀. Ẹ lẹ ìwé kékeré mọ́ etí àwo, ẹ gbé àwo orin sí i, ẹ gbé abẹ́rẹ́ lé e, kí ẹ wá ka iye ìgbà tí ìwé náà kọjá láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta. Lórí 33⅓ (iye ìgbà tí àwo ń yí ní ìṣẹ́jú kan), ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 100 géérégé. Lórí 45, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ 135. Iná ìjọba ni kí ẹ lò fún un, ẹ má lo jẹnẹrétọ̀. Púpọ̀ nínú mọ́tò giramafóònù àtijọ́ ń tẹ̀lé Hz iná tó ń jẹ, Hz jẹnẹrétọ̀ kékeré sì ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀ bí ẹrù tó gbé ṣe pọ̀ tó.

Bí ẹ bá ka 83, ẹ má tún ra bẹ́líìtì kankan. Ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún 60 Hz ni ẹ ní lọ́wọ́. Ní 50 Hz wa, mọ́tò rẹ̀ ń sáré ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà eré rẹ̀, 33⅓ sì di nǹkan bíi 27.8. Ìdí nìyẹn tí ohùn obìnrin fi ń dà bí ti ọkùnrin, tí gángan inú orin àpàlà sì ń wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé sítẹ́ẹ̀pù-dáùn ń yí fólítì nìkan padà. Kò lè yí Hz padà. Ẹ lè fún ẹ̀rọ Amẹ́ríkà ní 120 fólítì gan-an, kó sì máa wọ́ síbẹ̀.

Púlì orí mọ́tò ni ojútùú rẹ̀. Ti 50 Hz gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti 60 Hz lọ ní ìlọ́po 1.2, ìyẹn ni pé ibi tó bá jẹ́ mílímítà 10 gbọ́dọ̀ di 12. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló ṣe púlì méjèèjì fún ẹ̀rọ kan náà, nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tí wọ́n ṣe fún Yúróòpù. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ gbé ti àtijọ́ lọ bá ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, ní Apo Mechanic Village tàbí ní Panteka ní Kaduna, kó gbẹ́ ẹ lára idẹ. Ẹ fún un ní ìwọ̀n àkàbà méjèèjì, ti 33 àti ti 45, kí ẹ sì tẹnu mọ́ ọn pé ihò gbọ́dọ̀ wà ní àárín gan-an. Bó bá fi díẹ̀ yẹ̀, dùùrù àti fèrè yóò máa gbọ̀n. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi í sórí irin tó tọ́, kí ẹ yí i níwájú ìmọ́lẹ̀: etí rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fò sókè sódò.

Èyí tí mọ́tò rẹ̀ wà lábẹ́ àwo gan-an, tí kò ní bẹ́líìtì, kò bá ti Hz lọ rárá. Bọ́tìnì kékeré kan ni a fi ń tún eré rẹ̀ ṣe. Bó bá ń yí láìdúró sójú kan, bọ́tìnì yẹn ló dọ̀tí, contact cleaner ló nílò.

*Àyẹ̀wò:* 99 sí 101 láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, ní ìgbà mẹ́ta tẹ̀léra wọn. Bí iye náà bá ń yàtọ̀ síra ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, ẹ padà sí òróró àti bẹ́líìtì.

Ìpele 8: Abẹ́rẹ́ àti apá

Ẹ má gbé kọ́bọ̀ lé orí apá kí abẹ́rẹ́ má baà fò. Gbogbo ilé ló ń ṣe é nígbà kan, òun ló sì jẹ púpọ̀ nínú àwo tí a ń wá kiri báyìí. Ẹ ka ìwé abẹ́rẹ́ yín. Ọ̀pọ̀ abẹ́rẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì ń fẹ́ gíráàmù 1.5 sí 2, ti oníkírísítà àtijọ́ sì wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òṣùwọ̀n oníwúrà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kí ojú òṣùwọ̀n náà sì ga tó àwo orin. Abẹ́rẹ́ dáyámọ́ńdì ń lò tó wákàtí 500 sí 1,000, lẹ́yìn náà ó ń di ọ̀bẹ. Èyí tí ẹ kò bá mọ ọjọ́ orí rẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé e lé àwo tí kò sí irú rẹ̀ mọ́.

Bí ohùn bá kéré tí kò sì ní báàsì, abẹ́rẹ́ onímágínẹ́ẹ̀tì ni ẹ so mọ́ AUX. Ojú ìwọlé tí wọ́n kọ PHONO sí ni tirẹ̀. Ti oníkírísítà ló ń lọ sí AUX. Bó bá ń kùn hùùù, ẹ so wáyà tín-ín-rín tó ti ara giramafóònù jáde mọ́ ìdè GND (ti ilẹ̀) lẹ́yìn ańpílífáyà. Ínfátà olówó pọ́ọ́kú náà máa ń fa kíkùn yìí, ẹ tan ẹ̀rọ lórí iná ìjọba láti mọ èyí tó jẹ́.

Ìtọ́jú láti ọyẹ́ dé òjò

Ẹ tan ẹ̀rọ fún wákàtí kan lẹ́ẹ̀kan lóṣù ó kéré tán, nítorí pé jíjókòó láìjẹ iná máa ń ba kapásítọ̀ jẹ́. Nínú ọyẹ́, aṣọ òwú ni kí ẹ fi bò ó nígbà tó bá ti tutù, ẹ má lo ọ̀rá. Ẹ ṣí i kí ẹ gbọn eruku rẹ̀ ní ìparí Oṣù Kẹta, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀. Ẹ fi àyè ìka mẹ́rin sílẹ̀ lókè rẹ̀ kí ooru lè jáde.

Afẹ́fẹ́ gbígbẹ ọyẹ́ ń jẹ́ kí àwo máa fa eruku mọ́ra. Aṣọ rírọ̀ tí omi díẹ̀ wà lára rẹ̀ ni kí ẹ fi nù ún ní òbírí, ẹ má fi aṣọ gbígbẹ nù ún. Èyí tó dọ̀tí gan-an, ẹ fọ̀ ọ́ pẹ̀lú omi tí wọ́n ti sè tí wọ́n sì gba oru rẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní distilled water, àti ẹ̀kán ọṣẹ olómi méjì, láìjẹ́ kí omi kan ìwé àárín. Àwo 78 tó wúwo tó sì ń fọ́ kò gbọ́dọ̀ rí ọtí isopropyl rárá, ó máa ń yọ́ ọ. Ìnàró ni kí gbogbo wọn wà, kí wọ́n má sì bá oòrùn fèrèsé pàdé, pàápàá ní Oṣù Kẹta àti Oṣù Kẹrin.

Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ gbé abẹ́rẹ́ kúrò lórí àwo, ẹ pa ańpílífáyà, ẹ yọ púlọ́ọ̀gì. Bó bá padà dé, ẹ jẹ́ kó lo ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ wo ojú mítà sítábíláísà, kí ẹ tó tún tan án.